Ìrìn-Àjò Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin àti Àtúnṣe Tí Ó Yẹ Àwọn Ibùdókọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, abẹ́ àròkọ aṣàlàyé ni irú orí-ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ má ṣe rò pé kí ẹ kàn máa ròyìn ìrìn-àjò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni olùdánwò ń fẹ́. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kí òun mọ bí nǹkan náà ti rí, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí. Ṣùgbọ́n bí ojú yín bá ti rí nǹkan kan, ẹ lò ó, nítorí pé àlàyé tí kò ní àpẹẹrẹ nínú kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ní àdúgbò wa ní Fọlá Agoro, ojú irin kankan kò kọjá. Láti Ṣómólú dé Bàrígà, títì ni a mọ̀: dáńfó níwájú, kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́yìn, àwọn tí ń ru bébà lọ sí ilé ìtẹ̀wé láàrin wọn. Síbẹ̀ kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò mọ ohùn fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá bá ti dákẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ láti apá Yábàá, a máa ń gbọ́ ọ, tí yóò máa dún bí màlúù ńlá tí ń ké láti inú ìkòkò. Màmá mi a sì wí pé, "Ó ti ń lọ nìyẹn." Yábàá ni ibùdókọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tí kò bá le yóò wọ kẹ̀kẹ́ tàbí dáńfó.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Ìddó kí ó sì lọ sọ̀ ní Kánò. Obì tí wọ́n ń gbìn ní Agége ń bá a lọ sí òkè Ọya, màlúù àti ẹ̀pà ń bá a bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìlú tí ojú irin bá gbà kọjá a máa gbèrú. Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí èyí. Ìlú tí kò bá gbà, ọjà rẹ̀ lè máa sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tí téṣàn wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí nǹkan ti rí láyé ìgbà náà, kí ó lọ wo ilé kan tí à ń pè ní Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì kó àwọn ohun èlò àtijọ́ ti rélùwéè síbẹ̀ fún àwòfín.

Kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀, ó yẹ kí á mọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin náà ni ó sì ń yí lé lórí. Rọ́bà máa ń di ọ̀dà títì mú. Irin kì í di irin mú tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fi lè wọ́ kọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá tẹ̀lé ara rẹ̀, tí epo tí ó ń jẹ lórí èrò kọ̀ọ̀kan kò fi tó ti dáńfó. Ṣùgbọ́n oore yìí ní ewu nínú. Ohun tí kò di ilẹ̀ mú dáadáa kò lè dúró lójijì. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì nítorí pé ó rí ènìyàn níwájú, ọkọ̀ náà lè rìn kọjá gígùn pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan kí ó tó dúró. Kò sì lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ojú irin ni ọ̀nà rẹ̀, kò ní òmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí nìyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ pàdé ọkọ̀ ojú irin níbi tí títì gbé kọjá lórí irin ní PWD, nítòsí Ṣógúnlẹ̀. Ènìyàn 6 ni ó bá a lọ, ọ̀pọ̀ sì farapa. Láàárọ̀ ni, nígbà tí oníkálukú ń kánjú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí bí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe bí wọ́n bá dé ojú irin: wọn kì í wo ọ̀tún, wọn kì í wo òsì, fóònù ni wọ́n ń wò.

Bákan náà ni òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà lábẹ́ irin. Àwọn ọmọdé rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Òun ni ó ń jẹ́ kí omi òjò ráyè ṣàn lọ. Òun náà ni ó ń di àwọn igi tàbí kọnkéré tí a tẹ́ sí ìbú mú, kí wọ́n má baà yẹ̀ nígbà tí ẹrù wúwo bá ń kọjá. Ẹni tí ó bá ń kó òkúta náà lọ fi kọ́lé, tàbí tí ó ń da pàǹtírí lé e lórí, ẹ̀mí èrò ni ó ń fi ṣeré. Ariwo kọ̀-kọ̀-kọ́-kọ́ tí a máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́ sì ní ìdí tirẹ̀. Irin a máa gùn sí i bí oòrùn bá pa á, nítorí náà wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí irin méjì bá ti pàdé. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bọ́ sínú àlàfo náà ni yóò dún. Lóde òní wọ́n máa ń jó irin pọ̀ di gbọọrọ, ìyẹn ni ọkọ̀ tuntun fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí ń yọ́ rìn.

Ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ àtijọ́ dùn, ó sì ní ìyà nínú. Mo rántí ọkọ̀ tí ń ti Ìjòkó bọ̀ wá sí Ìddó láàárọ̀. Kí ó tó dé Agége, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí mọ́. Àwọn kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn gun orí òrùlé lọ jókòó, wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Nínú kọ́ọ̀ṣì, oníwàásù ń wàásù ní igun kan, aláàgbo ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní igun kejì, oníbúrẹ́dì sì ń gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ kọ́ọ̀ṣì kan náà lójoojúmọ́ a máa dá àjọ láàrin ara wọn. Bí ìyàwó ẹnìkan bá bímọ, gbogbo wọn ni yóò gbọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe irú rẹ̀ nínú dáńfó, níbi tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ. Ní ti àkókò, ẹ jẹ́ kí á má sọ ọ́. Ọkọ̀ lè pẹ́ títí tí ẹni tí ń dúró dè é yóò fi gbàgbé ibi tí ó ń lọ.

Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Àlàfo tí ó wà láàrin irin méjèèjì níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Ti àtijọ́ kò ju 1,067 lọ. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá là díẹ̀ nígbà tí ó bá dúró, kì í tètè ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ṣe lè sáré ju èkejì lọ láìmì. Àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ tóbi, wọ́n sì lẹ́wà. Orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì ni wọ́n fi sọ wọ́n: ti Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ Mobọ́lájí Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ti Ìbàdàn ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Nínú ìlú Èkó fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lórí ìdì. Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò kiri inú ìlú. Ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1985. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí á tó rí ohun tí ó jọ ọ́. Ọ̀nà Búlúù, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Iná mànàmáná ni ó ń lò, irin kẹta tí iná náà ń gbà kọjá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yòókù. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ mú ohun tí ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ lè má gòkè mọ́. Ọ̀nà Pupa ni tiwa, láti Ọ̀yìngbò dé Àgbàdo, nítorí pé ó ní ibùdókọ̀ ní Yábàá. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ibùdókọ̀ 8 ni ó ní. Orí ojú irin kan náà tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà ni òun náà ń gbà.

Àtúnṣe tí ó ti bá àwọn ibùdókọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, kò sì yẹ kí á jẹ́ abaraámóorejẹ. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ téṣàn kéékèèké, ilẹ̀ ni èrò ń dúró sí, ọkọ̀ sì ga. Ẹni tí ó bá wọ ìró ní láti ká a dé orúnkún kí ó tó lè gun àkàbà irin rẹ̀. Ní àwọn tuntun, pèpéle tí a ń dúró sí ga dé ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀ṣì, a ó kàn gbé ẹsẹ̀ ni. Wọ́n gbé afárá gba orí irin kọjá ní Yábàá, ní Múṣín, ní Ìkẹjà àti ní Ọ̀yìngbò, kí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin má baà máa pàdé mọ́. Òrùlé wà, àga wà, iná wà. Káàdì Cowry ni a fi ń sanwó nínú ọkọ̀ inú ìlú, kò sí pé mo fún ọ lówó, o kò fún mi ní ṣéńjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àbúrò màmá mi ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi ojú kan ẹ̀gbọ́n òun kí wọ́n tó gbé òun wọ yàrá. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Mo ní kí a wọ ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé kò ní gbò wọ́n lójú ọ̀nà bí mọ́tò. A dé ibùdókọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ̀ wa wà ní pèpéle òdì kejì, orí afárá ni a ó gbà débẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè, mo lọ to ìlà tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ṣì dúró níbẹ̀, wọ́n ń wo ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, wọ́n ń retí kí ó ṣí. Bébà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ pé kò ṣiṣẹ́. Màmá mi kò mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n lè kà, wọ́n sì máa ń ka Bíbélì wọn láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ sáré wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ mà. Orí àtẹ̀gùn lẹ máa gbà."

Màmá mi ní, "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni, ọmọ mi?"

"Kò sí mà. Ẹ má bínú."

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ó di apá kan mú, mo di èkejì mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àtẹ̀gùn 42 ni mo kà. A kò tíì dé orí afárá tí ọkọ̀ fi fọn fèrè, tí ó sì lọ. Ó lọ ní àkókò gan-an tí wọ́n dá fún un. Èmi tí mo ti ń bú ọkọ̀ àtijọ́ pé ó ń pẹ́, mo wá ń gbàdúrà pé kí èyí pẹ́ díẹ̀. Mọ́tò ni a padà wọ̀. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró lójú ọ̀nà, alẹ́ ni a dé, wọn kò sì gba àlejò mọ́ nínú ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó rí ara wọn, nígbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, tí àbúrò kò sì tíì lè lanu sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, màmá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọkọ̀ ojú irin létí wọn mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé àtúnṣe wo ni ó kàn, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta dídán tàbí gíláàsì. Ẹ̀rọ agbénigòkè ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀. Níbi tí ààyè bá sì wà, kí wọ́n la ọ̀nà dídà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí pé ọ̀nà dídà kì í bàjẹ́, kì í sì í béèrè iná. Aláboyún yóò gbà á, ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn yóò gbà á, ẹni tí ó gbé ẹrù yóò gbà á. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Lẹ́yìn èyí ni èdè. Ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Agége, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wọ ọkọ̀ náà jẹ́ ẹni tí Yorùbá yé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ni ó ṣòro nínú kí á kọ "Ẹ gba ibí yìí jáde" tàbí "Ẹ má sún mọ́ etí pèpéle" ní Yorùbá sábẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì? Kí wọ́n sì máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú, fún àwọn tí kò lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iye owó tí yóò ná wọn kò tó iye tí wọ́n fi ra òdòdó inú ìkòkò tí wọ́n tò síwájú ilé.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: kí omi wà níbẹ̀, kí ẹnìkan sì máa tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kí ibùdókọ̀ tí a fi owó ńlá kọ́ máa jẹ́ kí èrò wá igbó lọ.

Ibi tí wọ́n fi àwọn ibùdókọ̀ kan sí náà jẹ́ ọ̀rọ̀. Ibùdókọ̀ àtijọ́ ní Ìbàdàn wà ní Dùgbẹ̀, láàrin ọjà. Ti Abẹ́òkúta wà ní Láfẹ́nwá, láàrin ọjà pẹ̀lú. Alájàpá tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ti dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn tuntun wà ní Mọ́níyà àti ní Laderin, ní ẹ̀yìn ìlú. Mo mọ ìdí rẹ̀: ilẹ̀ ńlá kò sí láàrin ìlú mọ́, wíwó ilé onílé sì ní wàhálà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi wákàtí bíi méjì ààbọ̀ ti Èkó dé Mọ́níyà, tí ó tún wá ń wá ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, kò ní rántí pé ọkọ̀ ojú irin yára. Bọ́ọ̀sì tí yóò máa dúró de ọkọ̀, tí kò ní ṣí àfi bí èrò bá ti sọ̀ tán, ni ó yẹ níbẹ̀, kí iná sì wà lójú ọ̀nà. Àyè ẹrù náà ń fẹ́ àbójútó. Nínú ọkọ̀ tuntun tí mo wọ̀, àpótí aṣọ ni àyè wà fún. Níbo ni alágbọ̀n tòmátì àti eléèlùbọ́ yóò gbé tiwọn sí? Àwọn ni ó sì sọ téṣàn àtijọ́ di ọjà.

Ní ti àwa ará Fọlá Agoro, ohun tí à ń fẹ́ kò pọ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ibùdókọ̀ Yábàá kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọkọ̀ àárọ̀ kò lè mọ ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yóò kún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà àti àwọn mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti gba etí títì mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fún wa ní bọ́ọ̀sì kéékèèké méjì péré, tí yóò máa ti Bàrígà gba Fọlá Agoro lọ sí Yábàá ní àkókò tí ó bá ti ọkọ̀ ojú irin mu, tí a sì lè fi káàdì kan náà sanwó rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti ní Agége ni kò ní wọ dáńfó Òṣòdì mọ́. Kí wọ́n lẹ àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ mọ́ ara pátákó ní ojúkò bọ́ọ̀sì wa, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ó bá jí láago márùn-ún lè mọ̀ bóyá kí òun sáré tàbí kí òun jókòó mu ẹ̀kọ.